Gìtá yín kọ́ ló bàjẹ́, ẹ lọ wo inú kíbọ́ọ̀dù yẹn

Bọ̀dá tó ní gìtá òun ń gbé iná gríìnì lórí áàpù fóònù tó ń sọ bóyá ohùn wáyà ti pé, wáyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pátá, àmọ́ tí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì bá ti wọlé báyìí ńṣe ló dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń bára wọn ṣọ̀tá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ lọ ra gìtá mìíì, ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹni tó ní ká fi nóòtì A sí 432 dípò 440 tí ọ̀pọ̀ ń lò, pé ìyẹn ni ohùn tí Ọlọ́run fẹ́, màá padà wá sórí tiẹ̀. Irú ẹ̀ ti ṣe mí rí, ojú mi sì rí nǹkan.

Ìṣọ́ òru la wà lọ́jọ́ náà. Mo ti túùn gìtá mi nílé, mo tún un ṣe nígbà tí mo débẹ̀, gríìnì ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbé orin ìyìn ní kíì A, mo ta kóòdù àkọ́kọ́, ó kan mí léyín bí ẹni mu omi tútù sí eyín tó lu. Ọ̀gá akọrin yíjú, kò wo oníkíbọ́ọ̀dù o, èmi ló wò, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé wáyà máa ń tú, kíbọ́ọ̀dù kì í tú. Mo sáré túùn nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà, áàpù ní ó ti dáa, a tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta mo yí fọ́líọ̀ọ̀mù mi wálẹ̀ pátápátá, mo wá ń fọwọ́ ra wáyà, mo ń mi orí, mo ń rẹ́rìn-ín sí ìjọ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnì kan tún wá kí mi pé mo ta á dáadáa lóru yẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó ti kíbọ́ọ̀dù náà. Mo ta wáyà A tí mi ò fọwọ́ tẹ̀, mo tẹ A tó bá a dọ́gba lórí kíbọ́ọ̀dù, mo gbọ́ ọ: wọ́ọ̀, wọ́ọ̀, wọ́ọ̀, ohùn ń ga ó ń rẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mo bọ́ sórí wáyà tó tín-ín-rín jù, frẹ́tì karùn-ún, A náà ni àmọ́ ó ga jùyẹn lọ dáadáa, wọ́ọ̀ yẹn wá yára débi pé mi ò lè kà á mọ́, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Mo wọ sẹ́tìn, mo ń yí i kiri, àfi ìgbà tí mo rí Master Tuning, ibi tí wọ́n ti ń yan iye tí ohùn gbogbo kíbọ́ọ̀dù máa wà: 432. Ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wa ló wo fídíò kan pé 440 ò dáa fún ọkàn èèyàn, ló bá yí i, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò le. Nóòtì ò ju iye ìgbà tí nǹkan gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Hertz. Wáyà A gìtá yín, 110 ni. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 220, A náà ni. 440, A ni. 880, A ṣì ni. Láàárín A kan sí èkejì, ìgbésẹ̀ 12 ló wà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi bí 1.0595 sọ èyí tó ṣáájú ẹ̀ di púpọ̀, tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀méjìlá ẹ ti dé ìlọ́po méjì nìyẹn. Tí kíbọ́ọ̀dù bá wá wà ní 432, A tó bá wáyà yín dọ́gba di 108. 110 yọ 108, 2 ló kù, wọ́ọ̀ méjì nìyẹn. Lókè lọ́hùn-ún, 440 yọ 432, 8. Ẹ wo àwọn méjì tó jọ ń gún iyán tí ọwọ́ ọ̀kan yá ju tèkejì lọ díẹ̀, ọmọ odó wọn á jọ balẹ̀ gbì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á máa pàdánù ara wọn, wọ́n á tún padà jọ balẹ̀. Bí ohùn méjì tí ò dọ́gba ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ohun tó dá mi lágara ni pé kíbọ́ọ̀dù yẹn nìkan, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ó dùn. Àwa tá a ń sọ Yorùbá ló yẹ kó tètè yé jù. Bàbá àgbà tí ohùn ẹ̀ rinlẹ̀ pe "ọkọ̀", ọmọ ọdún mẹ́ta tí ohùn ẹ̀ ń han pe "ọkọ̀", ọkọ̀ náà lẹ gbọ́, ẹ ò gbọ́ ọkọ́. Dò, re, mí ò nílò nọ́ńbà kankan, àlàfo tó wà láàárín wọn ló ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí èèyàn méjì bá fẹ́ jọ kọrin ni wàhálà nọ́ńbà dé.

Ẹ wá jẹ́ n dá 432 lóhùn. Àdéhùn ni gbogbo ẹ̀. Ní Yúróòpù tẹ́lẹ̀ ìlú kálukú ló ní A tiẹ̀, wọ́n sì ń gbé e ga sí i kó lè máa dán, àwọn akọrin ló ń fi ọ̀fun jìyà ẹ̀. Faransé fi òfin gbé e sí 435 lọ́dún 1859, Verdi, ará Ítálì tó ń kọ orin, ti 432 lẹ́yìn lọ́dún 1884, òótọ́ nìyẹn. Àwọn kan ní Hitler ló mú 440 wá, irọ́ ni jàre, ní Stuttgart ni wọ́n ti kọ́kọ́ dábàá ẹ̀ lọ́dún 1834, wọn ò tíì bí Hitler. Ìpàdé London gbà á lọ́dún 1939, ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1955. Àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá míì ń lo 442 tàbí 443 títí dòní, àwọn tó ń ta orin àtijọ́ ń lo 415. Àti pé ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ń ka 432 yẹn, èèyàn ló pín in.

Tẹ́ ẹ bá dé ríhásà, ẹ ta A, kí wọ́n tẹ A. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ wọ́ọ̀, Master Tuning ni, ẹ dá a padà sí 440 tàbí kẹ́ ẹ yí áàpù yín sí iye tí kíbọ́ọ̀dù wà, ọ̀pọ̀ áàpù ló gbà á. Tó bá jẹ́ pé nóòtì míì gbáà lẹ gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n tẹ dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹnì kan ló gbàgbé Transpose síbẹ̀, ìyẹn bọ́tìnì tó ń gbé gbogbo nóòtì sókè tàbí sísàlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 440 sí 432 ò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbésẹ̀ kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin náà ò fi lè sọ pé ó ṣì, àfi pé ó kàn ń dun etí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ooru. Tí gbọ̀ngàn bá gbóná, wáyà gìtá á dẹ̀, ohùn ẹ̀ á wálẹ̀, sax ní tiẹ̀ á máa lọ sókè torí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ti gbóná, kíbọ́ọ̀dù ò ní mira. Òun ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé, bó tiẹ̀ wà ní 432, torí òun ni ò lè bá yín rìn. Onígángan nìkan ni ò níṣòro, á fún ọsán mọ́ abíyá títí tó fi bá yín pàdé.

Èmi fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù wa, mo kọ 440 síbẹ̀ gàdàgbà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ọmọ yẹn ti fi báírò kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ta ló ní?" Mo kọ 1955 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.