Ẹ Bi Awakọ̀: Mo rí 50, mo sá 50, kí ló tún kù?

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹnu kọ ọ́ níbí pé mo ti gbé mọ́tò kọjá bọ́dà Sẹmẹ̀ ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ, lẹ́tà yín ò jẹ́ n sinmi mọ́. Ẹ ṣé o. Mẹ́ta ni mo lè dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó kù ẹ bá mi ní sùúrù.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjárá ní Badagry níbí ni mò ń gbé. Àbúrò ìyàwó mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Kútọnú lóṣù tó ń bọ̀, ìyàwó mi sì ti fàáké kọ́rí pé mọ́tò wa la máa gbé lọ, òun ò wọ ọkọ̀ èrò. Sẹmẹ̀ ni mo mọ òpin ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀. Mi ò gbọ́ Faransé, ká kí èèyàn láàárọ̀ nìkan ni mo mọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ka sáìn ojú títì wọn? Bàbá Mautin.*

Bàbá Mautin, ẹ kú ìmúra o, ayẹyẹ á dùn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi ìtìjú ara mi hàn yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba ọ̀nà yẹn, Camry tọ́kùnbọ̀ ni mo gbé, ti Amẹ́ríkà. Mo kọjá Kraké, apá bọ́dà tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Benin, mo rí sáìn róbótó kan, etí ẹ̀ pupa, 50 ló wà nínú ẹ̀. Mo ní àwa náà mọ 50 jàre, mo gbé ọwọ́ sípíìdì lé 50 gélé, mò ń rọra lọ bí ọmọlúàbí. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tó wọṣọ ìjọba fi nawọ́ dá mi dúró. Ó ń da Faransé bolẹ̀, èmi náà ń pariwo fífitì, fífitì, mò ń nàka sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú mọ́tò, ó wá fi èékánná kan gíláàsì dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n kọ MPH sí wínníwínní. Àṣé máìlì ni mò ń kà! 50 máìlì yẹn ti tó 80 kìlómítà, iwájú ilé ìwé ni mo sì fi sá a kọjá. Mo sanwó, mi ò tiẹ̀ jiyàn.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé kéèyàn tó ka sáìn onísáìn, kó kọ́kọ́ ka dáṣíbọ́ọ̀dù tiẹ̀. Tó bá jẹ́ tọ́kùnbọ̀ Amẹ́ríkà lẹ̀ ń wà, nọ́ńbà ńlá tó wà lóde yẹn máìlì ni, ti kìlómítà ni èyí tó kéré tó wà nínú lọ́hùn-ún. 50 tiwọn, ibi tó fi díẹ̀ ju 30 lọ lójú máìlì yín ló wà. Nílé níbí kò hàn sí wa torí ta ló ń wo ọwọ́ sípíìdì láti Mile 2 dé Badagry, kòtò ló ń sọ iye tá a máa sá fún wa. Ẹ sì wò ó o, orúkọ gan-an ń sọ ìtàn: lọ́dọ̀ wa Mile 2 àti Mile 12, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń wọ Kútọnú lẹ máa gbọ́ PK10, PK3. Òkúta kìlómítà ni wọ́n fi ń pe àdúgbò. Òyìnbó tó wọn ilẹ̀ fún wa àti èyí tó wọn ilẹ̀ fún wọn, ọ̀pá wọn ò dọ́gba.

Ó yá, ká wá sórí sáìn. Ẹ má bẹ̀rù Faransé rárá. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè jókòó ní Vienna lọ́dún 1968 tí wọ́n ṣàdéhùn lórí àmì ojú ọ̀nà, ohun tí wọ́n ń lé gan-an ni pé kí àjèjì tí ò gbọ́ èdè ìlú ṣì mọ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Ìrísí sáìn ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà àwọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ló kẹ́yìn. Onígun mẹ́ta tó dorí sókè ń sọ pé ẹ ṣọ́ra, nǹkan ń bẹ níwájú. Róbótó tétí ẹ̀ pupa, má ṣe é, tàbí má kọjá iye yìí. Róbótó tó jẹ́ búlúù látòkè délẹ̀, dandan ni kẹ́ ẹ ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀. Róbótó pupa tó ní ìlà funfun gbọọrọ láàárín, ẹ má wọbẹ̀ o, wanwéè ni, iwájú lọkọ̀ á ti pàdé yín. Méjì wà tí wọ́n dìídì ṣe lọ́tọ̀, onígun mẹ́ta tó dojú kodò, ìyẹn ẹ yà fún ẹni tó ń bọ̀, àti onígun mẹ́jọ pupa tí wọ́n kọ STOP sí, lẹ́tà mẹ́rin kan náà tẹ́ ẹ mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kódà tí eruku bá bò ó, tàbí tó jẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ rí, ẹ ṣì máa dá a mọ̀. Àwọn ìrísí yìí náà la ní ní Nàìjíríà, àwa la ò kà wọ́n sí.

Ọ̀kan tó máa ń kó ọmọ Nàìjíríà sí wàhálà ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Níbi tí Faransé ti kọ́ èèyàn ní ọ̀nà wíwà, tí ò bá sí sáìn ní oríta, ẹni tó yọ lápá ọ̀tún yín ló kọ́kọ́ ń lọ, kódà kó jẹ́ pé láti kọ̀rọ̀ kékeré kan ló ti jáde tí ẹ̀yin sì wà lójú ọ̀nà ńlá. Priorité à droite ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwa ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ tóbi jù, àbí tójú ẹ̀ le jù, ló ń lọ. Àfi tẹ́ ẹ bá rí sáìn yẹ́lò onígun mẹ́rin kan tí wọ́n gbé dúró lórí igun, etí ẹ̀ funfun: ìyẹn ń sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ lọ̀nà, kí àwọn tó ń yọ dúró. Tí wọ́n bá wá fa ìlà dúdú dábùú ẹ̀, àǹfààní yẹn ti tán nìyẹn, ẹ padà máa wo ọ̀tún. Ẹ sì wò ó dáadáa torí àwọn zémidjan, ọlọ́kadà tiwọn, àwọn aláṣọ yẹ́lò yẹn, ọ̀tún yín náà ni wọ́n máa ń gbà.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Péage, owó lẹ fẹ́ san, tólògéètì ni, ọ̀kan wà ní Ekpè kẹ́ ẹ tó wọ Kútọnú, ẹ tọ́jú ṣẹ́ńjì sẹ́fà. Douane, kọ́sítọ́ọ̀mù. Ralentir, ẹ rọra. Déviation, wọ́n ti dínà, ẹ tẹ̀ lé ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbà. Tẹ́ ẹ bá rí Toutes directions, ibi yòówù kẹ́ ẹ máa lọ ibẹ̀ lẹ máa gbà. Rappel ní tiẹ̀, ìrántí ni, wọ́n ń rán yín létí pé òfin tẹ́ ẹ rí lẹ́ẹ̀kan yẹn ò tíì tán. Màmá àgbàlagbà kan tí mo gbé lọ́jọ́ kan ti rí i títí, ó ní, "Awakọ̀, ìlú Rappel yìí mà tóbi o, láti àárọ̀ la ti ń wọ̀ ọ́ a ò tíì jáde." Mi ò jẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Tẹ́ ẹ bá dé oríta Sèmè, ọ̀tún ló lọ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, iwájú gbọọrọ ni Kútọnú. Ẹ má gbàgbé káàdì ìńṣọ́ráǹsì ECOWAS, Brown Card, ẹni tó ṣe ìńṣọ́ráǹsì mọ́tò yín ló máa ń ṣe é. Kútọnú yẹn gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ẹ̀ lọ́dún 1982. Òun ló máa dúró fún yín tẹ́ ẹ bá kọ lu ẹlòmíì lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ṣìnà, ẹ bi èèyàn ní Ègùn, Ègùn Àjárá yẹn máa bá yín dé ilé àna yín.

*Bọ̀dá Awakọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ Igbógbó ní Ìkòròdú ni mí àmọ́ oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti wà ní ìlú ọba, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, ilé dé ilé la ń lọ kiri nítorí náà iṣẹ́ yẹn ò ṣeé ṣe láìsí mọ́tò. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ni mo fi ń wà á. Ọ̀nà wọn ń dà mí lórí rú, èyí M, èyí A, èyí B. Sáìn róbótó funfun kan tún wà tó ní ìlà dúdú dábùú, kò sí nọ́ńbà kankan lára ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ó túmọ̀ sí pé kí n sá bó ṣe wù mí. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣadé.*

Ṣadé, ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ kó ẹ sí gbèsè. Sáìn yẹn ní òfin tiẹ̀: tí kò bá sí nǹkan tó pín àlọ àti àbọ̀ níyà, 60 ni òpin fún mọ́tò kékeré, tí nǹkan bá pín in, 70. Máìlì ni o. Kì í ṣe iye lénì ni wọ́n ń kà, ohun tó wà láàárín ni, bóyá koríko àbí irin. Wọ́n á sì gbé e sí ọ̀nà abúlé kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí igi ti bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, 60 ló wà lójú òfin, àmọ́ tó o bá sá 60 níbẹ̀ màlúù lo máa bá pàdé. Láàárín ìlú, tó o bá ti rí òpó iná lójú títì tí wọn ò kọ nǹkan míì síbẹ̀, 30 ni. Ní Wales wọ́n ti sọ irú ẹ̀ di 20 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Ti M, A, B yẹn, àwọ̀ ni kó o máa wò. Búlúù, mọ́tòwéè nìyẹn, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ìwọ náà ò gbọ́dọ̀ dúró gbé ìpè. Àwọ̀ ewé tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, A tó ṣe pàtàkì nìyẹn. Funfun, A kékeré tàbí B. Àwọ̀ kọfí, ibi ìgbafẹ́ ló ń júwe, má tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́. Lénì bọ́ọ̀sì tiwọn dà bí ti BRT tó wá láti Mile 12 sí Ìkòròdú, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kámẹ́rà ò gba ẹ̀bẹ̀.

Ráńdàbáòtù ni kó o fọkàn sí jù. Òsì ni wọ́n ń wà, nítorí náà ọ̀tún ni wàá máa wò, ẹni tó ti wà nínú ẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ ló lọ̀nà. Tó o bá ní bàbá àgbà tó ti ń wakọ̀ kí 2 April 1972 tó dé, pè é lórí fóònù, òsì làwa náà ń wà nígbà yẹn, àfàìmọ̀ kó má rántí. Ohun míì tún ni iná. Lékòó tẹ́nì kan bá tan fúlù láìtì sí ẹ, ó ń sọ pé òun ń bọ̀, má wọlé. Níbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ń fi sọ pé máa lọ, mo yọ̀ǹda. Ìwé òfin wọn ò sì ní kí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà má gbé ọkàn lé e, fojú ara ẹ wo ọ̀nà.

Láísẹ́ǹsì ẹ ń kọ́? Oṣù 12 péré ló fi lè ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó o ti di olùgbé ibẹ̀, wọn kì í sì í pààrọ̀ ti Nàìjíríà sí tiwọn. Wàá gba provisional, láísẹ́ǹsì ẹni tó ṣì ń kọ́ ọkọ̀, wàá jókòó ìdánwò ti orí ìwé, wàá tún ṣe ti ojú títì. Oṣù mẹ́rin ti lọ, ó ku mẹ́jọ. Àbúrò mi, bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

*Awakọ̀, ọmọ mi. Òkè Balógun ní Ẹ́pẹ́ ni mo wà. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Houston ní tí mo bá wá kí àwọn, òun á fún mi ní mọ́tò kan kí n máa fi najú. Ẹnì kan tó ti ibẹ̀ dé ní wọ́n máa ń dúró ní oríta bí ò tilẹ̀ sí ẹyọ ọkọ̀ kan tó ń bọ̀. Kì í ṣe àsọdùn? Àlàájì.*

Bàbá, kì í ṣe àsọdùn o. Táyà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ ni, kì í ṣe pé kó rọra yí. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní STOP, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ lọ, tẹ́ ẹ bá jọ dé, kí ẹni tó wà lọ́tùn-ún lọ. Ẹ lè yà sọ́tùn-ún lójú iná pupa lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dúró, àyàfi tí sáìn bá ní rárá. Àmọ́ ẹ má gbé àṣà yẹn lọ sí ìlú New York. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó bá ń ṣẹ́ iná pupa, ẹ dúró, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ wà tàbí iwájú, àyàfi tí nǹkan bá pín ọ̀nà yín níyà. Ẹ ò sì ní ka ohun tí mo kọ fún Bàbá Mautin lókè kẹ́ ẹ lọ fi wakọ̀ ní Houston: sáìn yẹ́lò tó dúró lórí igun yẹn, ní Amẹ́ríkà ewu ló ń kìlọ̀ fún yín, kò fún yín lọ́nà.

Nọ́ńbà Interstate wọn, àwọn ọ̀nà ńlá tó so ìpínlẹ̀ pọ̀, rọrùn. Èyí tó parí sí 0 bíi I-10 ń ti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, I-45 tí nọ́ńbà ẹ̀ ò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ń lọ sókè sí Dallas. Tẹ́ ẹ bá gbójú kọjá ibi tó yẹ kẹ́ ẹ yà, ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kò sí pé ẹ fẹ́ fi rífáàsì padà bá a ti ń ṣe lọ́nà Ìjẹ̀bú Òde. Ẹ máa lọ síbi ìyànà tó tẹ̀ lé e, ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣẹ́rí padà. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ-ọmọ.