Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Fóònù, Tablet àti Kọ̀ǹpútà ní Kíláàsì Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, lẹ́tà tó ń wọlé láti Òṣogbo lórí ọ̀rọ̀ fóònù àti tablet ní ilé ẹ̀kọ́ kò kéré. A mú àwọn tí èsì wọn lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta pátákó ìgbàlódé oníná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èsì àkọ́kọ́ yìí ná. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò rẹ̀ mọ́.

Ọmọ 58 ló wà ní kíláàsì mi, pírámárì kejì. Fóònù kan ṣoṣo ló wà, èmi ni mo sì ni ín. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí prójẹ́ktọ̀. Kí ni mo lè fi fóònù yìí ṣe ju kí n gbé e sókè kí wọ́n máa nàgà wò ó?
Tíṣà, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ má gbé e sókè rárá. Ọmọ tó jókòó ní ìlà kẹta kò ní rí nǹkan kan, ìpàkọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni yóò máa wò. Ohùn ni kí ẹ lò, nítorí gbogbo wọn ló lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá spíkà kékeré oníbátìrì, wáàtì 10 tó, kó ní Bluetooth àti ojú mẹ́mọ́rì. Orí tábìlì ni kí ó wà, kí ó ga dé etí ọmọ tó jókòó. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, ara àwọn tó wà níwájú ni yóò gbé ohùn náà mì. Ẹ ka ìtàn tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ sínú fóònù, nínú yàrá tí aṣọ tàbí bẹ́ẹ̀dì wà, torí pé ohùn máa ń ta padà nínú kíláàsì òfìfo. Kí fóònù jìnnà sí ẹnu tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kó sì yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má baà já ìtàn lágbede méjì. Ní ibi mẹ́ta nínú ìtàn náà, ẹ bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kí wọ́n lè dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni tíṣà púpọ̀ ń gbàgbé, ìtàn wá di rédíò tí ẹnikẹ́ni ò tẹ́tí sí.

Ohun kan wà tó máa ń jáni kulẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ń fi ohùn pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi m4a, spíkà olówó pọ́ọ́kú kò sì mọ̀ ju MP3 àti WAV lọ. Ẹ ó ki mẹ́mọ́rì bọ̀ ọ́, yóò dákẹ́, ẹ ó rò pé mẹ́mọ́rì ló bàjẹ́. Ẹ sọ ohùn náà di MP3 kí ẹ tó kó o sí mẹ́mọ́rì, tàbí kí ẹ fi Bluetooth gbé e jáde láti inú fóònù fúnra rẹ̀. Mẹ́mọ́rì 32 GB tàbí èyí tó kéré sí i, tí a tò (format) ní FAT32, ni ọ̀pọ̀ spíkà bẹ́ẹ̀ ń kà. Bí òjò bá sì ń rọ̀ sórí páànù, ẹ pa á. Kò sí spíkà kékeré tó lè bá òjò Òṣogbo inú oṣù keje du ariwo.

Àwọn òbí tó ní WhatsApp lè bá yín kún un. Ẹ ní kí ọmọ mẹ́rin lọ bi àgbà ilé wọn bí àdúgbò wọn ṣe gba orúkọ, tàbí bí wọ́n ṣe ń pa aró. A kò rò pé ẹ ó wá ìyá tó mọ̀ ọ́n tì ní ìlú tí wọ́n ń kì ní ìlú aró. Kí òbí fi ohùn ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́, kí kíláàsì gbọ́ ọ, kí wọ́n sì kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀. Bluetooth ni kí ẹ fi gbé ìyẹn náà jáde.

Níbi ìwé kíkà gan-an ni fóònù kan ṣoṣo yìí ti níye lórí jù. Ẹ mú àyọkà tó tó ọ̀rọ̀ 60. Kí ọmọ kan kà á fún ìṣẹ́jú kan, kí fóònù máa gba ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ẹ tẹ́tí sí i, ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó pè dáadáa, ẹ kọ ọ́ sí ìwé pẹ̀lú déètì. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọmọ márùn-ún lóòjọ́, kíláàsì yín á parí láàárín ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ 12. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú àyọkà mìíràn tí kò le jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ó rí ọmọ tó ń há ìwé sórí láìmọ̀ ọ́n kà, torí pé àyọkà tuntun ni yóò tú u fó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ wa fún wa ní tablet 12. A ò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ 45 ló wà ní pírámárì karùn-ún. Géèmù ni wọ́n ń fi í ṣe, la bá kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Báwo la ṣe lè fi í kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì?
Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ìgbọ̀nà

Ẹ̀rọ ló dé ṣáájú ẹ̀kọ́. Kí ẹ tó tan ọ̀kankan padà, ẹ mú ètò ẹ̀kọ́ táàmù yìí, kí ẹ fa àkòrí mẹ́rin péré tó ń dà àwọn ọmọ láàmú yọ: bóyá ìdá nínú ìṣirò, ìwọ̀n, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú ara, bí ayé ṣe ń yí. Àkòrí yòókù, ẹ máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ wọn bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

App ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ Kolibri ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni, àjọ Learning Equality ló ṣe é fún ibi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Láptọ́ọ̀pù kan ni yóò gbé gbogbo ẹ̀kọ́ sára, tablet yóò máa fà á láti ibẹ̀. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ní RAM 4 GB àti àyè òfìfo 100 GB ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá, ẹ fi Kolibri sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀kọ́ wọlé. Ẹ má gba gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Àkòrí kọ̀ọ̀kan ṣeé yàn, Kolibri yóò sì sọ bó ṣe wúwo tó kí ẹ tó gbà á. Fídíò ló ń jẹ àyè. Ìdánrawò ìṣirò fúyẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń dojú rú ni ìsopọ̀. Bí ẹ bá tan hotspot, ìyẹn Wi-Fi tí láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ń pín, láti inú Windows, ẹ̀rọ mẹ́jọ péré ló ń gbà. Tablet kẹsàn-án yóò kọ̀ láti wọlé, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà láìnídìí. Ẹ ra ráútà Wi-Fi kékeré tí kò nílò síìmù, ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, kí tablet 12 náà sì gba Wi-Fi ráútà yẹn. Lórí tablet, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú 8080 níparí, bí àpẹẹrẹ 192.168.0.100:8080. Bí ojú ewé kò bá ṣí, firewall Windows, ètò ààbò tó ń dí ẹ̀rọ mìíràn lọ́nà, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹ gba Kolibri láyè níbẹ̀. Bó bá ṣí lónìí tó kọ̀ lọ́la, àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù ló yí padà. Ẹ wọ inú ètò ráútà, kí ẹ de àdírẹ́sì náà mọ́ láptọ́ọ̀pù títí lọ. Bó bá kú láàárín iṣẹ́, láptọ́ọ̀pù ti sùn lọ. Ẹ pa ètò oorun rẹ̀. Android náà ní àṣà tirẹ̀. Bó bá rí i pé Wi-Fi kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, yóò béèrè bóyá kí òun dúró síbẹ̀. Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ sì tẹ ibi tó ní kó má tún béèrè mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tablet yóò máa já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ forúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú Kolibri. Ètò kan wà tó ń jẹ́ kí wọ́n wọlé láìlo páásíwọ́ọ̀dù, ẹ tan án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdajì àkókò yóò bá "Tíṣà, mo ti gbàgbé" lọ.

Ọmọ méjì lórí tablet kan jẹ́ 24. Àwọn 21 tó kù yóò máa ṣe àkòrí kan náà pẹ̀lú ìwé, àlùmọ́gàjí àti ẹ̀wà kíkà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n pààrọ̀. Nínú àwọn méjì yẹn, ọ̀kan á di tablet mú, èkejì á ṣe ìṣirò sínú ìwé kí wọ́n tó tẹ ìdáhùn; bí ìbéèrè kan bá parí, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì. Ọmọ tó kàn ń tẹ ìdáhùn kiri títí tí ọ̀kan á fi bọ́ sí i kò ṣe ìṣirò kankan, ayò ló ń ta. Lálẹ́, ẹ ṣí ojú ewé olùkọ́ nínú Kolibri. Ẹ ó rí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wọn kùnà, ìyẹn lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní ti géèmù, ẹ yọ wọ́n kúrò, kí ẹ sì ti tablet mọ́ app kan ṣoṣo. Android ń pe èyí ní app pinning, abẹ́ ètò ààbò ló wà.

Èdè Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò tó wà níbẹ̀. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé àkòrí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó pín tablet. Nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí náà ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ ti wáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, èdè Òyìnbó àwọn ọmọ náà kò sì tìtorí ẹ̀ bàjẹ́.

Iná ọba kì í dé ní àkókò ilé ẹ̀kọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ká ra jẹnẹrétọ̀, àwọn kan ní sólà. Báwo ni sólà náà yóò ṣe tóbi tó?
Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, Ayétòrò

Sólà la fara mọ́. Jẹnẹrétọ̀ yóò máa bá tíṣà du ọ̀rọ̀ sọ, owó epo ò sì ní tán láéláé. Ẹ jẹ́ ká fi ẹrù ilé ẹ̀kọ́ Ìgbọ̀nà òkè yìí ṣe ìṣirò.

Bátìrì tablet 5,000 mAh, fólítì 3.7, ń gba wáàtì-wákàtí 18.5. Ti 12 jẹ́ 222. Iná ń ṣòfò nínú ṣájà àti wáyà, ẹ kà á sí 280. Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ wáàtì 40 fún wákàtí 4 jẹ́ 160. Ráútà wáàtì 6 fún wákàtí 4 jẹ́ 24. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 464 lójúmọ́ bí tablet bá gbẹ tán pátá.

Bátìrì fólítì 12, 100 Ah, gba wáàtì-wákàtí 1,200. Bó bá jẹ́ olómi, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò, ìyẹn 600. Èyí tí wọ́n bá ń fà gbẹ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 200 lábẹ́ oòrùn gidi wákàtí 4 jẹ́ 800. Bí ẹ bá yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ooru, eruku àti wáyà, ó ku 560. Ó tó, ṣùgbọ́n láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án tí ojú ọ̀run ń ṣú, yóò máa kù díẹ̀ káàtó. Ẹ ra wáàtì 300, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń darí iná pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, 30 A.

Kí fíúsì wà ní ìdí pósítíìfù bátìrì gan-an, kí agbára rẹ̀ má ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Afẹ́fẹ́ tó lè gbiná ń jáde lára bátìrì olómi nígbà tó bá ń gba iná, kò gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí yàrá tí ọmọ ń jókòó. Bí igi máńgòrò bá ṣíji bo igun pánẹ́ẹ̀lì kan, ohun tí ẹ ó pàdánù ju igun yẹn lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fomi nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kí ó tó gbóná. Ẹ tún jẹ́ kí wẹ́ẹ́dà jó nọ́ọ̀tì rẹ̀ pọ̀. Olè mọ spánà lò.

Ẹ tẹ́ tablet sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń ṣájì wọn, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn. Fún ọlidé gígùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ìdajì. Tablet tó bá gbẹ tán kó tó wọ ọlidé lè má jí mọ́.

Mo ń tẹ ìdánwò Yorùbá sórí láptọ́ọ̀pù. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ mìíràn, àpótí kékeré ló ń rí dípò àmì ohùn. Kí ló fà á?
Tíṣà, Òkè-Fíà

Kọ̀ǹpútà ní àmì odidi fún á àti é. Kò ní fún ẹ́ àti ọ̀: ńṣe ló ń gbé àmì ohùn ka orí ẹ tàbí ọ. Fọ́ńtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kà á ló ń ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí dípò. Ẹ fi Charis SIL tàbí Noto Sans sórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, kí ẹ sì máa fi ìdánwò ránṣẹ́ bíi PDF, torí pé PDF ń gbé fọ́ńtì dání. Lórí fóònù, ẹ fi Yorùbá kún èdè inú Gboard. Bí ẹ bá tẹ e mọ́lẹ̀ pẹ́, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ yóò yọ. Ẹ pa ètò tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa sọ Yorùbá yín di Òyìnbó. Ìdánwò àtijọ́ tí ẹ fi fọ́ńtì àkànṣe tẹ̀, ẹ tún un tẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá tó ṣeé gbára lé.

Ọpọ́n Ìmọ̀, tablet ìjọba tí ẹ̀gbọ́n wọn lò, ṣì wà nílé. Ṣé ọmọ mi tó wà ní pírámárì kẹrin lè lò ó?
Ìyá ọlọ́mọ, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà àgbà ni ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣe é fún ní 2013, ìwé àti ìbéèrè ìdánwò tiwọn ló wà nínú rẹ̀. Kò bá ọmọ yín mu, ma. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú: bó bá ti wú, bátìrì ti bàjẹ́, ẹ má ṣe kì í bọ iná, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi ṣeré.

Ṣé mo lè gbé fọ́tò àwọn ọmọ tó ń lo tablet sórí WhatsApp ilé ẹ̀kọ́?
Tíṣà, Ọláìyá

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tí òbí fọwọ́ sí. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 béèrè àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí ẹ tó lo ìsọfúnni ọmọdé, fọ́tò sì wà lára rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí fọ́tò máa lọ sínú ìwé náà. Fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i, ẹ ya ọwọ́ àti ojú tablet nìkan, kí orúkọ tó wà lára aṣọ ilé ẹ̀kọ́ má sì hàn.