Ẹ gbé sìkúútà màmá dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí wọ́n ń fi yáni lẹ́nu géètì

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ohun tí ẹ béèrè ni pé làkúrègbé orúnkún kò jẹ́ kí màmá yín lè rìn jìnnà mọ́, wọ́n ní sìkúútà oníná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwọn, ẹ sì fẹ́ kó wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ lọ sí Disney World, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà ní Orlando ní Florida, nínú oṣù Keje. Ṣé kí ẹ gbé e dání ni, àbí kí ẹ yá ti inú ọgbà? Ẹ tún béèrè bóyá ẹ nílò lẹ́tà dókítà.

Ẹ gbé e dání. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ojú ìyá ẹnikẹ́ni rí ohun tí ojú mi rí.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi ní Òṣogbo kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òsì ló bá jà. Mo fi ọ̀pá àti irin ẹsẹ̀ rìn títí mo fi lé ní ogójì ọdún, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ fún mi. Èyí tó wá le jù ni kí n jókòó kí n tún dìde. Tí mo bá ti dúró, kò sí ìyọnu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra kẹ̀kẹ́ oníná ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń dúró lé, irú Segway yẹn. Mo ń gbé e lọ ọjà, mo ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu.

A wa ọkọ̀ láti Atlanta lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo ti pè wọ́n ṣáájú. Ẹni tó gbé fóònù ní kò sí wàhálà, kí n ṣáà máa bọ̀. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀, mi ò sì ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí íméèlì. Ẹ̀yin, ẹ gbà á lákọsílẹ̀ o!

A dé ẹnu géètì, òṣìṣẹ́ kan na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Ó ní kẹ̀kẹ́ yẹn ò lè wọlé. Ó wá bi mí lójú àwọn ọmọ mi, lójú gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa, pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi gan-an. Mo yọ káàdì búlúù tí à ń fi kọ́ inú dígí ọkọ̀, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ fún mi. Ó ní ti ibi ìgbọ́kọ̀sí nìyẹn. Mo yọ lẹ́tà dókítà, lẹ́tà tí mo sanwó kí wọ́n tó kọ ọ́ fún mi. Kò tilẹ̀ ṣí i. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà tún pe ọ̀gá tirẹ̀, oòrùn Florida sì wà lórí wa ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó tó wákàtí méjì.

Nígbà tí wọ́n máa fi ní kí n dá kẹ̀kẹ́ mi padà sínú ọkọ̀, sìkúútà yíyá ti tán. Kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n ń tì ló kù. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló tì mí ní gbogbo ọjọ́ yẹn, torí àbúrò rẹ̀ wà lọ́wọ́ bàbá wọn. Téèyàn bá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ yẹn láàárín èrò, ìbàdí èèyàn ni ojú rẹ̀ máa ń bá. Báàgì wọn ń gbá mi létí. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gun òkè díẹ̀, mò ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí lókè orí mi. Mo na ọwọ́ sí irin ẹ̀gbẹ́ táyà kí n lè bá a yí i, irin náà ti gbóná, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, ó ti rẹ̀ yín." Èmi tí mo jókòó! Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó rù mí mọ́ àfi lọ́jọ́ yẹn, ọmọ tí mo bí ló sì rù mí.

Ìgbà tí mo délé ni mo wá ka òfin. Òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti wà láti 1990, ṣùgbọ́n ìlànà tó kan ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, 2011. Ọ̀nà méjì ló pín in sí. Ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tí kò lè rìn, bóyá títì ni o, bóyá oníná ni, kẹ̀kẹ́ arọ lòfin kà á sí, ibikíbi tí ẹlẹ́sẹ̀ bá lè dé ló lè dé. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ béèrè ìwé. Sìkúútà màmá yín wà níbẹ̀. Torí náà, ẹ má lọ fowó gba lẹ́tà dókítà kankan.

Àwọn nǹkan oníná mìíràn, bí tèmi, ló wà ní ọ̀nà kejì. Ọgbà lè wo bó ṣe tóbi tó, bó ṣe ń sáré tó, bí èrò ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, kó sì ní kò lè wọlé tí ewu gidi bá wà. Mo gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ bi èèyàn pé kí ló ṣe é, tí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ̀rí, káàdì búlúù yẹn gan-an lòfin ní kí wọ́n gbà! Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò mọ̀. Ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀. (Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì nìkan ló lè fi í hàn o, ẹ má yá ti ẹlòmíràn.)

Tina Baughman, obìnrin kan tí àrùn iṣan ń bá jà, pe Disney lẹ́jọ́ lórí Segway ní California. Ní 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé kò tó kí Disney máa sọ pé ó ṣáà lè lo kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n gbọ́dọ̀ rò ó bóyá àwọn lè mú kí ara tù ú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún kan náà ni ẹjọ́ mìíràn parí ní Florida: Disney ò gba Segway, ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti ṣe kẹ̀kẹ́ ìdúrólé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ká ní mo ti mọ̀ ni, n kì bá tí fìyà jẹ ọmọ mi.

Ó yá, ti màmá. Ẹ wọ̀n ọ́n: ní Disney, kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju íǹṣì 36 lọ, kò gbọdọ̀ gùn ju 52 lọ. Èyí tí wọ́n ń fi yáni nínú ọgbà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbà á, kò sí pé a fẹ́ tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má retí pé wọ́n á fún màmá ní ètò tí kì í jẹ́ kéèyàn tò. Láti oṣù Karùn-ún 2024, àwọn tó ní ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ bíi autism ni wọ́n ní ó wà fún ní pàtàkì.

Tí ẹ bá máa wọ bàálù, tí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ líthíọ̀mù tó ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e wọ inú bàálù lọ́wọ́. Tó bá ju 300 Wh (òṣùwọ̀n agbára bátìrì) lọ, wọn ò ní gbà á.

Lójú pópó tí ẹ máa kọ́kọ́ bọ́ sí ní Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà tó wà ní Disney World, irin ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin wà nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí màmá bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́, táyà iwájú á há sí i. Kí wọ́n dá a kọjá tààrà. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yan bí sìkúútà ṣe máa sáré tó máa ń ní àwòrán ìjàpá àti ehoro. Ẹ yí i sí ìjàpá kí ẹ tó wọlé, torí àwọn ọmọdé máa ń dédé já sí iwájú èèyàn. Tí iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run bá parí lálẹ́, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí èrò kọ́kọ́ tú. Ọmọ yín kékeré ò gbọdọ̀ gun itan màmá lórí sìkúútà náà o, ó lè fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń tẹ iná.

Ẹ sọ irú sìkúútà tí màmá ní, bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe gùn, kí n sọ fún yín bóyá ó lè wọ bọ́ọ̀sì ibẹ̀.