Àgídìgbo: kí ló dé tó fi jẹ́ bí òwe là ń lù ú?

Ẹnì kan bi mí pé: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta àgídìgbo, kí ni ìtumọ̀ ‘Bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n’? Ṣebí ìka lẹ fi ń ta á, lílù ti wá jẹ́?”

Ti lílù yẹn ò le. Agogo náà ò lawọ, lílù la sì ń lù ú. Tèmi tí mo ń lò ní Mushin níbí, àpótí pákó ni. Ó ní ihò níwájú, irin pẹlẹbẹ márùn-ún tí wọ́n gé lára ayùn ló wà lókè ihò náà. Bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń ta irin, bẹ́ẹ̀ ni tòsì ń gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí.

Inú àwo àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá tí bàbá mi ní ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní Èkó níbí, láàárín ọdún 1950 sí 1959, orin àgídìgbo gbòde, Adéolú Akínsànyà sì wà lára àwọn tó gbé e ga. Fàtáì Rolling Dollar tó kú lọ́dún 2013 náà ta á nínú ẹgbẹ́ J.O. Araba. Àmọ́ nínú orin wọn, akọrin ló ń sọ̀rọ̀, àgídìgbo kàn ń tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ ni. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ rò pé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ó ní. Ṣùgbọ́n dò, re, mí nìkan ló lè pè, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. Ọ̀rọ̀ méjì tí ohùn wọn bá dọ́gba, ọ̀kan náà ni wọ́n létí ẹni tó ń gbọ́. Níbi ìkómọ kan ní Ìdí-Orò, mo ta “ẹ mówó wá”, re-mí-mí-mí, ẹ̀ẹ̀mẹta. Baba ọmọ bọ́ sójú agbo, ó jó wá síwájú mi, ó rọra gbé ìgò bíà méjì kalẹ̀. “Ẹ mọ́tí wá” ló gbọ́! Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jà? Re-mí-mí-mí náà ni.

Ìdí nìyẹn tí òwe fi ya jíjó sọ́tọ̀ kúrò lára mímọ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ tó ń pa á kì í kíyè sí. Tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n la máa ń pa á. Ká ní ìyá ọkọ wá kí yín láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ó jókòó, ó ní, “Ilé yìí mà dákẹ́ o.” Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń sọ. Ìyàwó tó bá sáré lọ tan rédíò, ó jó o, kò mọ̀ ọ́n.