Kí ni àtọ̀gbẹ ń ṣe sí páńkíríásì màlúù àtàwọn ẹranko mìíràn?

Àwọn sẹ́ẹ̀lì beta tó ń pèsè ínsúlíìnì (èròjà tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù) nínú páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan tó wà nítòsí ikùn, ló máa ń dín kù tàbí kú. Ìbàjẹ́ yìí ló sábà máa ń fa àtọ̀gbẹ. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ á tún wá dá kún un.

Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n gan-an lára màlúù. Wọ́n ti rí i tó tẹ̀lé àrùn fáírọ́ọ̀sì, tí sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbèjà ara wá ń jẹ sẹ́ẹ̀lì beta run. Irú màlúù bẹ́ẹ̀ á máa mu omi ṣáá, á máa tọ̀ léraléra, á sì máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ màlúù tó dàgbà sábà máa ń wà láàárín 45 sí 75 mg/dL. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àyẹ̀wò kan ṣoṣo pè é ní àtọ̀gbẹ: ìpayà nígbà tí wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀ lè gbé ṣúgà náà sókè.

Ti ajá, sẹ́ẹ̀lì beta á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ló kù títí ayé. Ti ológbò yàtọ̀: amyloid, ìyẹn èròjà purotéènì kan tó ń dì jọ, ló ń dì sáàárín sẹ́ẹ̀lì náà. Bí ìtọ́jú bá tètè bẹ̀rẹ̀, àwọn ológbò kan máa ń bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.