Okùn Onírọ́bà fún Tapólì Ìpàgọ́: Ibo Ló Yẹ Kó Wà?

Ìbéèrè: Tapólì náílọ́ọ̀nù ni mo máa ń ta sórí tí mo bá lọ pàgọ́. Bó ti wù kí n fa okùn rẹ̀ le tó nírọ̀lẹ́, tí òjò bá ti rọ̀ lóru, á dẹ̀, omi á sì dárogún sí àárín rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fi okùn onírọ́bà rọ́pò okùn tí mo fi ń so ó mọ́ èèkàn. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má fi rọ́pò o. Ẹ̀gbẹ́ okùn ni kí rọ́bà wà; okùn ni kó gbé ẹrù, kí rọ́bà kàn máa fa ohun tó bá dẹ̀.

Ẹ̀bi yín kọ́ ni pé tapólì yín ń dẹ̀. Náílọ́ọ̀nù máa ń mu omi, tó bá sì ti mu ún, á nà. Kódà ìrì òru lásán tó o láti mú un dẹ̀. Tó bá gbẹ, á tún súnkì. Pọlísítà kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní tapólì pọlísítà lè má nílò rọ́bà rárá.

Tó bá wá jẹ́ rọ́bà nìkan ló so tapólì mọ́lẹ̀, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, á gbé e sókè, á tún jù ú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èèkàn á máa mì títí táá fi tú. Èèkàn tó bá tú lẹ́nu rọ́bà tó nà, bí òkò kànnàkànnà ló ṣe ń fò. Ẹ rò ó wò tó bá bá ojú èèyàn.

Okùn onírọ́bà tó nípọn tó mìlímítà 3 ni kí ẹ wá, irú èyí tí wọ́n hun òwú bo fọ́nrán rọ́bà tó wà nínú rẹ̀. Oòrùn máa ń tètè ba rọ́bà tó wà níhòòhò jẹ́. Ẹ fi téèpù wé ibi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ gé e láàárín téèpù náà, torí bí ẹ bá gé e lásán, rọ́bà inú á sá wọlé, òwú ìta á sì tú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ téèpù, kí ẹ fi iná láítà kan orí òwú náà fẹ́rẹ́ kó lè yọ́ mọ́ra.

Ẹ gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Lára okùn tó ti wà tẹ́lẹ̀, níbi tó sún mọ́ tapólì, ẹ ta ojóbó kéékèèké méjì, kí okùn tó wà láàárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28. Ẹ ki rọ́bà bọ inú ojóbó méjèèjì, ẹ kó orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì ta kókó kan ṣoṣo. Rọ́bà máa ń tín-ínrín tó bá nà, kókó rẹ̀ sì lè yọ̀, nítorí náà ẹ fà á gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí ìrù kókó náà yọ síta dáadáa. Òrùka tí ẹ máa rí á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18 tí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, okùn àárín á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ irú rọ́bà yìí lè nà dé nǹkan bí ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀, àmọ́ okùn á ti dá a dúró kó tó débẹ̀.

Tí ẹ bá ń ta tapólì, ẹ fa okùn títí tí àárín yẹn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: tí rọ́bà ò bá tíì nà nírọ̀lẹ́, kò ní ohun tó máa fi fa tapólì lóru.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ fi sí, àti àárín ẹ̀gbẹ́ tó bá gùn. Ẹ má fi sí okùn òkè tó gbé gbogbo tapólì dúró. Ìyẹn ò gbọ́dọ̀ nà. Ẹ sì rẹ igun kan sílẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà lọ, torí kò sí rọ́bà tó lè lé omi kúrò lórí tapólì tí ẹ ta pẹrẹsẹ.

Nínú òtútù gan-an, rọ́bà máa ń le, kì í sì fà dáadáa. Èyí tí kò bá súnkì padà mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí ìjì bá sì ń bọ̀, ẹ fa okùn títí á fi tọ́ gbọnrangandan. Rọ́bà ò níṣẹ́ mọ́ nígbà yẹn. Èèkàn ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.