Ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò ni, ìwọ àti ọkọ rẹ

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní omi aláwọ̀ ìyeyè ń jáde lójú ara rẹ láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti ti ìrìn-àjò dé, ìsàlẹ̀ ikùn sì ń dùn ọ́. Oníkẹ́míìsì yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní "tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n" ni, ó di oògùn fún ọ, ó lọ, ó tún padà. Ojú ń tì ọ́ láti dé ọsibítù, kí wọ́n má baà pè ọ́ ní oníṣekúṣe. Irú rẹ̀ ti ṣe mí rí, ó sì gba nǹkan lọ́wọ́ mi, ìdí nìyí tí mi ò fi lè dákẹ́.

Ó lè jẹ́ àtọ̀sí, ṣáláńgá kọ́ ló sì ń kó àtọ̀sí ran èèyàn. Kòkòrò rẹ̀ kì í pẹ́ kú tó bá ti kúrò lára. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, òun àti chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, àwọn méjèèjì sì máa ń jọ rìn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo omi ojú ara ló ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin wá o. Èyí tó funfun, tó dì bíi wàrà, tó ń yúnni gan-an, kòkòrò tó ti ń gbé lára wa tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń fà á, oògùn apakòkòrò tí a ń lò láìnídìí sì lè ru ú sókè. Ojú lásán ò lè sọ èyí tó jẹ́. Àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́.

Nígbà tèmi, mò ń tajà ní Òkè-Àjé. Wọ́n fún mi ní tẹ́tírá, mo mu àgbo, ẹnì kan tún ní kí n máa fi omi gbígbóná àti álọ́ọ̀mù fọ abẹ́. Álọ́ọ̀mù yẹn, jọ̀ọ́, má dán an wò. Ṣe ló ń bó ara, tó sì ń ba ohun tó ń dáàbò bo ojú ara jẹ́. Nígbà tó yá, ìrora náà lọ, mo sì dúpẹ́. Mi ò mọ̀ pé àrùn náà ti gòkè lọ sínú ilé ọmọ. Ìgbà tí mò ń wá ọmọ ni wọ́n tó fi oògùn kan sínú ilé ọmọ mi, wọ́n wá fi X-ray yà á. Dókítà gbé fọ́tò náà sójú iná, ó fi bírò tọ́ka: lápá òsì, oògùn náà ṣàn kọjá nínú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ, lápá ọ̀tún, ẹnu ọ̀nà náà ló dúró sí. Ojú ọgbẹ́ ti dí i pa. Apá òsì yẹn ni Ọlọ́run gbà fún mi lọ́mọ. Torí náà, bí nǹkan oṣù rẹ bá sé lọ́jọ́ iwájú, tí ẹ̀gbẹ́ kan ń dùn ọ́ gidi, sáré lọ sí ọsibítù, torí oyún lè dúró sínú ọ̀nà tó ti ní ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè pani.

Ohun tó jẹ́ kó máa padà ni pé ọkọ mi ò gba ìtọ́jú. Kò sí ibi tó ń dùn ún, ó ní kí ni òun fẹ́ fi oògùn ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń jẹ̀rora tí wọ́n bá ń tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan kì í mọ nǹkan kan lára, pàápàá tó bá jẹ́ chlamydia. Bí mo bá ti gbádùn tán, mo tún ń kó o padà lára rẹ̀. Lẹ́yìn tó jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé ìwé èsì àyẹ̀wò mi láti láàbù síwájú rẹ̀. Mi ò bi í léèrè ibi tó ti kó o; àrùn yìí lè wà lára fún oṣù púpọ̀ kó má farahàn, ìwé náà ò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ ní i. Mo ní, "Ọkọ mi, wọ́n ní àwa méjèèjì la máa gbà á pọ̀. Bí ẹ ò bá gbà á, owó tí a ná á ṣòfò." Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ọjọ́ wo ni ká lọ?"

Abẹ́rẹ́ ceftriaxone kan ṣoṣo ní ìdí ni wọ́n fún wa, pẹ̀lú doxycycline láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7. Má lọ dá èyí rà o, torí tó bá jẹ́ pé o ti lóyún, wọn kì í fi doxycycline tọ́jú rẹ. Títí ọjọ́ 7 á fi kọjá lẹ́yìn tí ẹ̀yin méjèèjì bá parí ìtọ́jú, ẹ má súnmọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá tún ń rìnrìn-àjò tí ọkàn rẹ ò sì balẹ̀, ẹ máa lo rọ́bà.

Bó bá jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ ọ́ ló wà ní ọsibítù Ìjẹ̀bú-Òde, wọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, sí ọsibítù Yunifásítì Olabisi Onabanjo. Òwú orí igi tín-ín-rín ni wọ́n á fi gba omi náà, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, fún rẹ́kórẹ́kó (syphilis) àti HIV. Rẹ́kórẹ́kó ní abẹ́rẹ́ tó ń wò ó. Ẹni tó bá sì ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Nígbà tí mo ń wolẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tèmi, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbójú sókè. Láàárọ̀ yìí nìkan, mi ò lè ka iye àwọn tó ti jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí."

Tí oṣù 3 bá pé lẹ́yìn ìtọ́jú, kí ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé èèyàn tó ti ní i rí ṣì lè tún un kó.